Sinan: Ọ̀gá Iṣẹ́ Ọba tí Ó Fa Omi Wọ Istanbul

Bí a bá dárúkọ Khalid bin Walid, ọmọ kékeré ilé kéú mọ̀ ọ́n. Bí a bá dárúkọ Salahuddin tí ó gba Jerúsálẹ́mù padà ní 1187, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan tí ó ṣe olórí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe afárá, tí ń fa omi fún ìlú, tí ń yẹ ilé wò kí ó má baà wó pa èèyàn, láyé àwọn ìjọba ńlá Mùsùlùmí? Iṣẹ́ irú wọn kì í dún létí. Ọjọ́ tí afárá bá já ni aráyé máa ń bèèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é.

Àwọn tí ó ti kírun rí ní Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé Bey tí ó wà lẹ́yìn orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ Yorùbá. Oyè ni. Sútáànì Abdul Hamid Kejì ni ó fi í ránṣẹ́ láti Istanbul sí Bàbá Mohammed Shitta nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sálásí náà ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì, 1894. Ní ìlú Istanbul yìí kan náà, ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ọjọ́ yẹn, ni ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí.

Orúkọ rẹ̀ ni Sinan. Àwọn ará Tọ́kì ń pè é ní Mimar Sinan, ìyẹn Sinan Ọ̀mọ̀lé. Nǹkan bí 50 ọdún ni ó fi ṣe olórí gbogbo àwọn ọ̀mọ̀lé ọba ní ìjọba Ottoman, lábẹ́ Sútáànì mẹ́ta tí ó jẹ tẹ̀ léra: Suleyman, Selim Kejì àti Murad Kẹta. Ọba ń kú, ọba ń jẹ, Sinan wà lẹ́nu iṣẹ́.

Abúlé kan tí ń jẹ́ Ağırnas, nítòsí ìlú Kayseri láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Tọ́kì, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1490. Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni àwọn òbí rẹ̀. Ìjọba Ottoman ní àṣà kan láyé ìgbà náà. Wọ́n á lọ sí abúlé àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì tí ó wà lábẹ́ wọn, wọ́n á ṣa àwọn ọmọkùnrin tí ara wọn le, wọ́n á sọ wọ́n di Mùsùlùmí, wọ́n á kọ́ wọn ní èdè àti iṣẹ́, wọ́n á sì sọ wọ́n di ẹrú ọba, yálà sójà tàbí òṣìṣẹ́ ààfin. Sinan wà lára àwọn tí wọ́n ṣà ní nǹkan bí 1512, láyé Sútáànì Selim Kìíní, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ọmọ 20 ọdún. A kò ní bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ yin ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sunkún, ìyá Mùsùlùmí ni tàbí ti ẹlẹ́sìn mìíràn. Ìsìláàmù kò fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò sì rí ibi tí àṣà yẹn ti bá òfin mu. Ohun tí Ọlọ́hun wá fi ìgbésí ayé ọmọ tí wọ́n kó lọ náà ṣe ni a ń sọ.

Ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Sinan yàn láàyò. Ẹ dákun, ẹ kíyè sí èyí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí ó bá ṣe dáadáa ní ilé ìwé tí ó wá ní káfíńtà ni òun fẹ́ ṣe, ìpàdé ẹbí ni wọn yóò pè lé e lórí. Pákó, ayùn àti òòlù ni ọkùnrin yìí fi bẹ̀rẹ̀, kò sì fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ ọwọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn èyí ni ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Janissary. Ó bá wọn lọ sí Belgrade ní 1521, sí erékùṣù Rhodes ní 1522, sí Mohács ní ilẹ̀ Họ́ngárì ní 1526. Ó bá wọn dé ẹnu odi Vienna ní 1529. Ó tún bá wọn dé Baghdad ní 1534. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wo ìkógun ni òun ń wo ògiri, ó ń wo bí àwọn ará ìgbàanì ṣe to òkúta tí kò fi wó, àti ibi tí èyí tí ó wó ti kọ́kọ́ là.

Ohun méjì ni ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde nínú ogun, kò sì sí idà nínú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ará Páṣíà jà, wọ́n dé etí adágún omi ńlá tí ń jẹ́ Van, wọn kò sì mọ ohun tí ọ̀tá ń ṣe ní òdìkejì. Lutfi Pasha, ọ̀gá rẹ̀, ní kí ó wá nǹkan ṣe sí i. Sinan kan ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, ó gbé ìbọn sí wọn, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì tù wọ́n lọ. Èkejì ni ti odò Prut, nígbà ogun Moldavia ní 1538. Etí odò náà rọ̀, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Afárá tí àwọn kan kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe rì sínú ẹrẹ̀, gbogbo ọmọ ogun ọba wá dúró gbagidi sí etí omi. Wọ́n pe Sinan. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó fi ṣe afárá tí ọba, ẹṣin àti àgbá ìbọn gbà kọjá.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀gá àwọn ọ̀mọ̀lé ọba kú. Lutfi Pasha ti di Wàsírì Àgbà, òun ni ó sì dárúkọ Sinan. Inú Sinan kò dùn tààrà sí i. Ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ogun, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ó ti ń retí ìgbéga. Ohun tí ó mú un gbà ni pé ó rò ó pé iṣẹ́ tuntun náà yóò fún òun láǹfààní láti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́sálásí. Ó ti ń sún mọ́ ẹni 50 ọdún. Gbogbo ohun tí aráyé fi mọ̀ ọ́n lónìí, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ó ṣe é.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Kì í ṣe pé kí ó jókòó kí ó máa ya àwòrán mọ́sálásí. Odidi ilé iṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn ayàwòrán ilé, àwọn bíríkìlà àgbà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn agbẹ́kùúta àti àwọn tí ń tọ́jú ojú omi, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Òun ni ó ń pinnu ẹni tí yóò lọ ṣe iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òun ni yóò ṣírò iye tí yóò ná ìjọba. Bí bíríkì ọjà bá kéré ju ìwọ̀n òfin lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ ń wá. Bí ẹnì kan bá kọ́lé gba ojú títì, tàbí tí ẹlòmíràn fi ilé rẹ̀ ti ògiri mọ́sálásí, òun ni ọba ń rán lọ wò ó. Àwọn bàbá wa mọ wolé-wolé ayé òyìnbó. Sinan ni ọ̀gá wolé-wolé Istanbul, ìlú tí pákó pọ̀ nínú ilé rẹ̀ tí iná sì ń jó ní gbogbo ìgbà. Àṣẹ kan jáde ní 1572 pé kí gbogbo onílé ní àkàsọ̀ tí ó ga dé òrùlé, kí ó sì ní àgbá omi kan tí ó kún. Nǹkan kékeré lójú ẹni tí iná kò tíì jó ilé rẹ̀ rí.

Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ó wú wa lórí jù kì í ṣe mọ́sálásí kankan. Ti omi ni.

Òkun yí Istanbul ká, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni. Láyé Suleyman, èèyàn ti kún ìlú náà, àwọn ojú omi tí àwọn ará Róòmù ìgbàanì ṣe sì ti bà jẹ́. Àwọn aláìní ń ra omi lọ́wọ́ alápò awọ, owó rẹ̀ sì ń ga wọn lára. Ọba ń ṣọdẹ nínú igbó tí ó wà ní àríwá ìlú, ó rí àwọn ìṣẹ́lẹ̀rú tí omi wọn ń ṣàn dànù, ó sì bi Sinan bóyá wọ́n lè gbé e wọ ìlú. Sinan kò sọ bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀. Ó lọ káàkiri àfonífojì wọ̀nyẹn, ó fi pákó sé àwọn odò kéékèèké, ó wọn iye omi tí ń ti inú wọn jáde, ó sì fi irinṣẹ́ wo bí ilẹ̀ ṣe ga sí àti bí ó ṣe lọ sílẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó padà wá jíṣẹ́.

Àwọn kan láàfin kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Rustem Pasha, Wàsírì Àgbà, tí ó tún jẹ́ àna ọba, wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé bí omi bá pọ̀ nílùú, àwọn ará oko yóò ya wọlé, ta ni yóò sì bọ́ wọn? Ẹni tí ó bá ń gbé Èkó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ọba ti pinnu pé òun fẹ́ kí omi dé àdúgbò gbogbo, kí arúgbó àti opó lè bu omi láìsanwó.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1554. Kò sí ẹ̀rọ tí ń fa omi nínú rẹ̀ rárá. Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni ó ń gbé omi rìn, ní nǹkan bí 55 kìlómítà gbogbo ojú omi rẹ̀ pọ̀. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá pọ̀ jù, omi yóò máa jẹ ògiri. Bí ó bá kéré jù, omi yóò dúró, yóò sì rùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé ojú omi yí ẹ̀gbẹ́ òkè po, wọ́n ń gbẹ́ kòtò ìsinmi tí ìdọ̀tí yóò ti sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, nígbà tí wọ́n bá sì dé àfonífojì, wọ́n á kọ́ afárá omi kọjá lórí rẹ̀. Irú afárá omi bẹ́ẹ̀ lé ní 30. Èyí tí wọ́n ń pè ní Uzunkemer, ìyẹn Afárá Gígùn, lé ní 700 mítà.

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1563, nígbà tí iṣẹ́ náà ti ń parí lọ, òjò ńlá kan rọ̀. Àkúnya omi ya wọ àwọn àfonífojì náà. Suleyman fúnra rẹ̀ wà níta fún ọdẹ lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí omi gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ilé àti afárá wó. Afárá omi Mağlova, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ga jù tí Sinan kọ́, wó pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Owó ìlú tó pọ̀ ti wọ inú iṣẹ́ náà. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti rí ohun tí wọn yóò sọ. Kí ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan á wá ọmọṣẹ́ kan tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́hun ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún un kọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì dúró de òjò mìíràn. Òtítọ́ ni pé kádàrá Ọlọ́hun ni òjò, ṣùgbọ́n ìdí òpó jẹ́ iṣẹ́ ọmọ ènìyàn. Sinan tún Mağlova kọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ó mú kí ìdí àwọn òpó rẹ̀ fẹ̀ gidigidi láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì máa dínkù bí wọ́n ti ń lọ sókè, bí òkìtì ọ̀gán, kí àkúnya omi tí ó bá tún dé lè là sí méjì lára wọn, kí ó kọjá. Láàárín ọdún kan ó ti parí rẹ̀. Ó ga tó nǹkan bí 36 mítà, ó gùn tó 258 mítà. Ó ṣì dúró síbẹ̀ títí di òní, omi adágún tí ìjọba ìsinsìnyí sé yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Bẹ́ẹ̀ ni omi dé Istanbul. Kırkçeşme ni orúkọ ètò náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ogójì Orísun.

Bí omi ti ń lọ lọ́wọ́ ni mọ́sálásí Suleymaniye náà ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọlẹ̀ ní 1550. Ẹni tí ó bá rò pé mọ́sálásí nìkan ni, kò tíì mọ ètò ìlú àwọn Ottoman. Yí ibi ìrun ká ni wọ́n kọ́ àwọn ilé kéú gíga sí, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ilé ìwòsàn, ilé tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún aláìní, ibùwọ̀ àlejò, ilé ìwẹ̀, àti àwọn ìsọ̀ tí owó wọn yóò máa gbọ́ bùkátà gbogbo rẹ̀. Wákáfù ni wọ́n ń pe ètò yẹn, ìyẹn dúkìá tí èèyàn yọ̀ǹda fún Ọlọ́hun tí a kò gbọdọ̀ tà, tí a kò sì gbọdọ̀ pín. Ìdàgbàsókè ìlú ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, àdúgbò kan lẹ́yìn òmíràn.

Iṣẹ́ náà pẹ́, àwọn ẹlẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ fún ọba pé òrùlé róbótó ńlá náà, tí ó dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, kò ní dúró, àti pé Sinan kò fi ọkàn síṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, Suleyman yọ sí i lójijì níbi tí òun àti àwọn agbẹ́kùúta ti ń ṣe ibi ìdúró ìmáàmù àti àga ìwáàsù. Inú ń bí ọba. Ó rán an létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀mọ̀lé bàbá ńlá òun, Sútáànì Mehmed tí ó gba Istanbul ní 1453, ẹni tí ìtàn sọ pé wọ́n pa nítorí iṣẹ́ tí kò tẹ́ ọba lọ́rùn. Ó ní kí Sinan dá ọjọ́. Sinan dáhùn pé oṣù méjì. Àwọn tí ó bá ọba wá rò pé orí rẹ̀ ti yí, nítorí iṣẹ́ tí ó kù níwájú rẹ̀ ju ti oṣù méjì lọ. Wọ́n tún pè é sí ààfin láti wò ó bóyá yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kò yí i. Ó padà lọ, ó kó gbogbo oníṣẹ́ jọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, nígbà tí oṣù méjì sì pé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọba. Ní 1557 ni èyí. Suleyman bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ààfin ẹni tí ó tọ́ sí láti ṣí ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn náà ni ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ Sinan, tí ó sì ní kí òun ni ó ṣí i.

Òrùlé tí wọ́n ní kò ní dúró náà fẹ̀ ju 26 mítà lọ, ó sì ga tó 53 mítà sí ilẹ̀. Ilẹ̀ ti mì ní Istanbul lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Nínú rẹ̀, Sinan ṣètò bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe máa fa èéfín àtùpà lọ sí yàrá kan lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń kó èédú tí ó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ láti fi ṣe tàdáwà ìkọ̀wé.

Ìwé àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ náà kò tíì run. Ọ̀mọ̀wé Tọ́kì kan, Ömer Lütfi Barkan, yẹ̀ ẹ́ wò ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ó rí i pé wọ́n kọ orúkọ oníṣẹ́, irú iṣẹ́ rẹ̀, ìlú tí ó ti wá àti owó tí ó gbà sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó kà lé ní 3,500, àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì sì fi díẹ̀ ju ìdajì wọn lọ. Ìyẹn ni pé mọ́sálásí tí ó lókìkí jù ní olú ìlú Mùsùlùmí, ọwọ́ Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni ó kọ́ ọ, oníkálukú sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Mélòó nínú iṣẹ́ àwọn kọngílá ìjọba tiwa ni a lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?

Iye iṣẹ́ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn pọ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn ìwé tí ó kà wọ́n kò bára mu, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó kọjá 300 dáadáa. Mọ́sálásí Jímọ̀ọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 80. Kò ṣeé ṣe kí ẹnì kan dúró lórí gbogbo wọn. Ó ń ya àwòrán, ó ń rán àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń gba ìròyìn, ó ń ṣe àtúnṣe. Ní Büyükçekmece, ó fi afárá olójú 28 tí ó gùn ju 600 mítà lọ kọjá ẹnu omi kan tí ó ti yọ àwọn ọmọ ogun lẹ́nu. Ọdún 1567 ni ó parí, Suleyman sì ti kú sójú ogun ní ọdún tí ó ṣáájú. Orí afárá yẹn ni ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, kò kọ ọ́ sára mọ́sálásí rẹ̀ kankan. Ní Višegrad ní Bọ́sníà, ó ṣe afárá olójú 11 lórí odò Drina láàárín 1571 sí 1577 fún Sokollu Mehmed Pasha, Wàsírì Àgbà, tí wọ́n ti mú òun náà ní kékeré ní agbègbè yẹn kan náà bí wọ́n ti mú Sinan. Afárá Mostar, tí wọ́n fi ìbọn wó ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1993 tí wọ́n sì tún kọ́ ní 2004, iṣẹ́ Hayruddin ni, ẹni tí a mọ̀ sí ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn Alhaji àti Alhaja tí ó ti pẹ́ ti rí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Láyé Selim Kejì ni wọ́n rán ètò tí Sinan ṣe lọ sí Mẹ́kà, tí wọ́n fi yọ òrùlé pẹrẹsẹ onípákó tí ó yí àgbàlá Kááбà ká kúrò, tí wọ́n sì fi àwọn òrùlé róbótó kéékèèké lórí òpó òkúta rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé ìjọba ní 1573 tí àwọn tí ń ròyìn Sinan kì í sábà mẹ́nu bà. Àwọn Ottoman ti gba erékùṣù Cyprus ní 1571, wọ́n sì fẹ́ kó èèyàn láti agbègbè Kayseri lọ máa gbé ibẹ̀, wọn ìbáà fẹ́, wọn ìbáà kọ̀. Sinan bẹ ọba pé kí wọ́n yọ àwọn ẹbí òun ní Ağırnas àti àwọn abúlé ìtòsí sílẹ̀. Ọba gbà. Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni àwọn ẹbí náà síbẹ̀. Ó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ti mú un kúrò láàárín wọn, ó ti di Mùsùlùmí, ó ti di ẹni ńlá, kò sì gbàgbé wọn. Àwọn kan lè sọ pé ó fi ipò ojúṣàájú ara ilé rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àwọn ará abúlé mìíràn kò ní ẹni tí yóò bá wọn bẹ ọba. Ṣùgbọ́n a kò lè bá ẹni tí ó so okùn ẹbí pọ̀ jà, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí wọ́n fi àgbàlagbà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí ó ti ń lọ sí 80 ọdún ni ó bẹ̀rẹ̀ èyí tí òun fúnra rẹ̀ kà sí iṣẹ́ ọ̀gá. Mọ́sálásí Şehzade tí ó parí ní 1548, iṣẹ́ ọmọṣẹ́ ni ó pè é. Suleymaniye jẹ́ ti ẹni tí ó ti gba òmìnira. Selimiye ní ìlú Edirne, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1568, ni ó gbà pé òun ti fi di ọ̀gá. Ẹni 80 ọdún tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́! Àwọn kan ti ń fi Ayasofya, tí àwọn Róòmù kọ́ ní nǹkan bí 1,000 ọdún ṣáájú, pẹ̀gàn àwọn ọ̀mọ̀lé Mùsùlùmí pé wọn kò lè ṣe irú òrùlé bẹ́ẹ̀. Ó dun Sinan wọra. Ó gbé òrùlé Selimiye lé orí òpó 8, ó fẹ̀ díẹ̀ ju 31 mítà lọ, ó sì gbà pé òun ti kọjá Ayasofya. Kí a má pa irọ́: àwọn tí ó wọ̀n wọ́n lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní fífẹ̀, ti Ayasofya sì ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òrùlé Ayasofya ti wó lápá kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Sinan yìí kan náà ni ó sì kọ́ àwọn ògiri ńlá ìtìlẹ́yìn tì í ní 1573 kí ó má baà wó mọ́. Ti Selimiye kò wó rí, àní nígbà tí ọta ìbọn ńlá bà á nínú ogun 1913. Sútáànì Selim tí ó ní kí wọ́n kọ́ ọ kò rí ọjọ́ ìṣísílẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní oṣù Dísẹ́ńbà 1574, wọ́n sì ṣí mọ́sálásí náà ní 1575.

Ní nǹkan bí 1584, arúgbó náà fi ẹnì kan sí ipò rẹ̀, ó sì lọ sí Hájì. Nígbà tí ó dé, ó pa ìtàn ayé rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ akéwì, Sai Mustafa Çelebi, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni yìí ni a ti rí púpọ̀ nínú ohun tí a sọ lókè wọ̀nyí. Ó ṣe wákáfù láti inú ohun ìní rẹ̀, ó fún abúlé Ağırnas ní ẹ̀rọ omi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Mehmed, ti kú sójú ogun ṣáájú rẹ̀. Lára àwọn tí ó kọ́ ní iṣẹ́, Davud ni ó jẹ oyè náà lẹ́yìn rẹ̀, Mehmed Agha sì wá kọ́ Mọ́sálásí Sútáànì Ahmed láàárín 1609 sí 1616, èyí tí àwọn àlejò ń pè ní Mọ́sálásí Aláwọ̀ Aró.

Ó kú ní 1588. Ẹni tí ó kọ́ ibojì ńlá fún àwọn ọba, kékeré ni ó ṣe tirẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ògiri Suleymaniye, ní oríta kan, ní igun ilẹ̀ ilé tí ó ń gbé. Ní orígun ibojì náà gan-an, ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó kọ́ ojú fèrèsé kan tí wọ́n ti ń bu omi mímu fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá lọ.